Olú tí ń bá gbòǹgbò igi gbé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó tí ẹ mọ̀.

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí ilẹ̀ ti mu omi yó, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọdé a máa gbé igbá tàbí agbọ̀n, wọn a wọ igbó lọ láti wá olú. Ẹni tí ó mọ olú wá kì í kàn rìn kiri. Ó mọ igi tí yóò lọ bá. Ní òkè ilẹ̀ Ṣábẹ, títí dé ọ̀nà Bàǹtẹ̀ àti Basílà, ẹ óò rí i pé abẹ́ igi apá ni wọ́n ń lọ, tàbí abẹ́ igi tí àwọn kan ń pè ní bàbó. Wọn kì í lọ sí abẹ́ máńgòrò. Wọn kì í lọ sí abẹ́ igi tíìkì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọn á ní: "Ibẹ̀ ni olú ń hù." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ ibẹ̀ ni ó ń hù?

Ìbéèrè yìí kò kéré rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé lo ohun tó ju 100 ọdún lọ lórí rẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kọ́kọ́ gbà pé olè ni olú tí ó wà lára gbòǹgbò igi. Mo fẹ́ sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ irú olú kan sẹ́yìn, kí ó má baà da ọ̀rọ̀ rú. Olú tí ń hù lórí ọ̀gán tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán, ikán ló ni ín. Ikán ni ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú oko, tí ó sì ń jẹ nínú rẹ̀. Olú náà dùn, ó sì níyì lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbòǹgbò igi. Olú tí mo ń sọ ni èyí tí ẹ kò lè rí bí irú igi kan kò bá sí nítòsí.

Ẹ tún jẹ́ kí a mọ ohun tí olú jẹ́. Ohun tí a ń já, tí a ń sè, kì í ṣe gbogbo ara olú. Ó dà bí ọsàn tí ó so sórí igi ọsàn. Igi ọsàn náà gan-an wà nínú ilẹ̀, a kò rí i. Okùn ni: okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tó ń ta káàkiri nínú ilẹ̀ bí òwú tí ọmọdé tú sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ewé tó ń jẹrà lábẹ́ igi ní àkókò òjò, ẹ óò rí i níbẹ̀, ó funfun. Èmi yóò máa pè é ní òwú olú nínú ìwé yìí, kí a lè máa gbọ́ ara wa yé.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, láti inú oúnjẹ àwọn olówó. Olú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní trúfù. Inú ilẹ̀ ni ó ń so sí. Ó dúdú, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá fi ń gbọ́ ọ láti òkè ilẹ̀. Àwọn tí ń wá a máa ń so okùn mọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọn a tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ń fi imú tú ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọn a ti yára gbẹ́ ẹ, kí ẹlẹ́dẹ̀ náà tó gbé ọjà wọn mì. Owó trúfù ga gan-an. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin isu, kì í hù.

Ní nǹkan bí ọdún 1810, àgbẹ̀ kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Joseph Talon, gbin èso igi óákù sí ilẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ àwọn óákù tí trúfù ń so sí ni ó ti ṣa èso náà. Ọdún gorí ọdún, àwọn igi náà dàgbà, Talon sì bá trúfù lábẹ́ wọn. Ó gbin igi, ó wa olú. Àwọn mìíràn ṣe bíi tirẹ̀. Ní ọdún 1847, oníṣòwò kan ní ìlú Carpentras, Auguste Rousseau, gbin óákù sí ilẹ̀ ńlá nítorí trúfù. Ní ọdún 1855 ó gbé trúfù rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn ọjà ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris.

Ẹ wò ó, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ti mọ̀ pé olú kò lè sí láìsí igi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé eṣinṣin ni ó ń ta gbòǹgbò óákù, tí ojú ibi tí ó ta sì ń wú di trúfù. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rí eṣinṣin tí ń fò lórí ibi tí trúfù wà, wọ́n sì ro ohun tí ojú wọn rí.

Ìjọba ilẹ̀ Prussia, tí ó tóbi jù nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n pa pọ̀ di Jámánì, fẹ́ kí trúfù máa so ní ilẹ̀ tiwọn náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Albert Bernhard Frank. Wọ́n bí i ní ọdún 1839, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Berlin.

Frank wú gbòǹgbò igi, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sábẹ́ awò tí ń mú kí ohun kékeré hàn bí ohun ńlá. Ẹ mọ̀ pé gbòǹgbò ńlá kọ́ ni ó ń mu omi fún igi. Orí àwọn ẹ̀ka gbòǹgbò kéékèèké tó wà ní ìparí ni iṣẹ́ náà wà. Frank wo àwọn orí gbòǹgbò wọ̀nyí, kò sì rí èyí tí ó wà níhòhò. Òwú olú ti wé mọ́ wọn yí ká, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi aṣọ wé ìka. Òwú náà tún wọ inú èèpo gbòǹgbò, ó ń gba àárín àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara igi. Ibi tí gbòǹgbò náà parí sí àti ibi tí olú ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti mọ̀.

Ó kọ́kọ́ lè dà bí ẹni pé nítorí trúfù ni. Ṣùgbọ́n Frank wú gbòǹgbò igi mìíràn, ní ibi tí trúfù kò sí. Bákan náà ni. Ó wo óákù, ó wo páìnì, igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ó wo igi láti oríṣiríṣi igbó. Olú wà lára gbòǹgbò gbogbo wọn, àwọn igi náà kò sì ṣàìsàn. Ewé wọn tutù, wọ́n ń dàgbà.

Ní ọdún 1885, Frank tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìwé náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gbin trúfù. Mo rò pé inú ìjọba kò lè dùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó tóbi ju trúfù lọ. Frank fi èdè Gíríìkì sọ ohun tí ó rí lórúkọ, orúkọ náà sì túmọ̀ sí olú-gbòǹgbò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka Faransé lè rí i nínú ìwé báyìí: mycorhize. Ó ní olú yìí kò pa igi lára. Ó ní òun ni ó ń wá omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀ wá fún igi. Ó fi olú wé alágbàtọ́ tí ń fún ọmọ lọ́mú.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sípò wọn. Gbogbo wa la mọ àfòmọ́. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ó ń gun orí igi ẹ̀mí, ó ń gun orí igi ọsàn, ó ń mu omi ara rẹ̀, ẹ̀ka tí ó bá dì mọ́ a sì máa gbẹ. Bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ yín tí ó ní àfòmọ́ ni ó ń bọ́ igi yín, ṣé ẹ óò gbà? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Frank ṣe rí létí wọn. Àìsàn ni wọ́n mọ olú sí lára igi. Olú ni ó ń jẹ igi tó ti wó, olú ni ó ń ba ọkà jẹ́, olú ni ó ń mú kí ọ̀dùnkún jẹrà. Báwo ni olú ṣe máa wá di alágbàtọ́?

Ẹnì kan nínú àwọn tó ta kò ó ni Robert Hartig. Ọdún 1839 kan náà ni wọ́n bí òun àti Frank. Iṣẹ́ Hartig ni láti mọ àìsàn tí olú ń kó bá igi igbó, ó sì mọ iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà ayé rẹ̀. Mo rò pé ìmọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni ó dí i lójú. Ẹni tí ó ti ń mú olè láti òwúrọ̀ ayé rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, olè ni lójú rẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé bàbá Robert Hartig, Theodor Hartig, ti rí òwú náà nínú gbòǹgbò páìnì ṣáájú, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1840. Kò mọ̀ pé olú ni. Ó rò pé ara igi ni. Títí di òní, orúkọ Hartig ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń pe apá ibẹ̀ nínú gbòǹgbò.

Frank mọ̀ pé ẹnu nìkan kò lè parí ẹjọ́ yìí. Ó bu ilẹ̀ láti inú igbó páìnì. Ó pín in sínú ìkòkò. Ó fi ooru se ilẹ̀ inú àwọn ìkòkò kan títí gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀ fi kú. Ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ó gbin páìnì kékeré sí gbogbo wọn. Bí olú bá jẹ́ olè, páìnì inú ilẹ̀ sísè yẹ kí ó dàgbà jù. Ṣùgbọ́n àwọn páìnì tó wà nínú ilẹ̀ tí olú wà ni ó dàgbà. Àwọn tó wà nínú ilẹ̀ sísè rù, wọn kò sì ga.

Síbẹ̀ àwọn alátakò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní bí a bá se ilẹ̀, ilẹ̀ náà ti yí padà. Bóyá ooru ni ó sọ ilẹ̀ di búburú, kì í ṣe àìsí olú. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fojú fò. Frank kú ní ọdún 1900, ẹjọ́ náà kò tíì parí.

Àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé inú ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí ń gbin igi ni. Nígbà tí àwọn Òyìnbó gba ilẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n fẹ́ gbin páìnì sí ibi tí páìnì kò sí rí, nítorí pé ó ń yára ga, pákó rẹ̀ sì tọ́. Wọ́n kó èso páìnì sínú àpò, wọ́n gbé e gba orí òkun kọjá. Wọ́n gbìn ín. Ó hù, ó ga tó ìka ọwọ́, lẹ́yìn náà ewé rẹ̀ á pọ́n, á dúró sójú kan, á kú. Wọ́n bomi rin ín. Wọ́n fi ajílẹ̀ sí i. Kò gbọ́.

Ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ọ̀gá àwọn tí ń tọ́jú igbó níbẹ̀, S. L. Kessell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1927. Ó ti rí i pé bí wọ́n bá bu ilẹ̀ láti abẹ́ páìnì tó ń ṣe dáadáa, tí wọ́n dà á sí ibi tí páìnì ti ń kú, àwọn igi náà á sọjí. Ohun alààyè kan ló wà nínú ilẹ̀ náà tí páìnì nílò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Puẹto Ríkò, erékùṣù kan ní òkun Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbin páìnì níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbìn ni ó ń kú. Ní ọdún 1955, wọ́n gbé ilẹ̀ wá láti abẹ́ páìnì ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà gan-an. Wọ́n fi ilẹ̀ náà sí ìdí páìnì 32. Wọ́n kò fi sí ìdí àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí ọdún kan tó pé, gbòǹgbò àwọn 32 náà ti kún fún olú, èyí tó ga jù nínú wọn sì ti tó mítà kan ààbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò rí ilẹ̀ náà gbà ló kú. Ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni kò se ilẹ̀ Puẹto Ríkò lórí iná. Kò sí ẹni tí yóò tún sọ pé ooru ló fà á.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, ní ọ̀nà Kẹ́ńyà, àwọn tí ń gbin páìnì kọ́ ọgbọ́n yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ibi ìtọ́jú irúgbìn tuntun, wọ́n máa ń kó ilẹ̀ láti ti àtijọ́ dání, bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbé iná láti ilé ìyá rẹ̀.

Ó wá ku kí a mọ bí àdéhùn náà ṣe rí. Kí ni igi ń gbà, kí ni olú sì ń gbà? Ní Uppsala, ní ilẹ̀ Sùwídìn, ọ̀mọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Elias Melin. Láti àwọn ọdún 1920 ni ó ti ń gbin páìnì kéékèèké sínú ìgò tí kò sí ohun alààyè mìíràn níbẹ̀, tí ó sì ń fi irú olú kan ṣoṣo sí i, kí ó lè mọ ohun tí olkúlùkù ń ṣe. Ní ọdún 1950, òun àti Harald Nilsson lo fọ́sfọ́rọ̀sì kan tí ń ta ìtànṣán. Fọ́sfọ́rọ̀sì jẹ́ oúnjẹ ilẹ̀ tí gbogbo ọ̀gbìn nílò. Ìtànṣán yẹn kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ó wà. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá so agogo mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn: kò sí ibi tí ó lè lọ tí ẹ kò ní gbọ́. Wọ́n fi fọ́sfọ́rọ̀sì náà sí ibi tí òwú olú nìkan lè dé, tí gbòǹgbò kò lè dé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ewé páìnì. Agogo dún.

Ní ọdún 1957, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ mọ̀ pé ewé ni ó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi, oúnjẹ náà sì jẹ́ irú ṣúgà kan. Wọ́n so agogo mọ́ ṣúgà yìí láti inú ewé. Wọ́n bá a nísàlẹ̀, nínú olú.

Báyìí ni ọjà náà ṣe rí. Gbòǹgbò sanra jù, kò lè wọ gbogbo ihò kéékèèké inú ilẹ̀. Fọ́sfọ́rọ̀sì kì í sì rìn, ibi tí ó bá wà ni ó ń dúró sí. Òwú olú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ ibi gbogbo, ó ń kó o wá. Ṣùgbọ́n olú kò ní ewé. Kò lè fi oòrùn ṣe nǹkankan. Igi ní ewé, ó ń ṣe ṣúgà, ó ń san án fún olú. Owó náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìṣirò kan, ohun tí igi ń fún olú lè tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ṣúgà tí ó ń ṣe. Olú tí ẹ sì ń já, tí ẹ ń sè, ṣúgà tí ewé igi ṣe ni ẹ ń jẹ nínú rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọjà yìí kò ní olè rárá. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tí kò ní àwọ̀ ewé, tí ó funfun bí ẹni tí oòrùn kò rí. Franciszek Kamieński, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ti kọ̀wé ní ọdún 1881, ṣáájú Frank, pé olú ni ó ń bọ́ ọ. Ní ọdún 1960, Erik Björkman ní Sùwídìn fi ṣúgà alágogo sínú igi ńlá, ó sì bá a nínú ewéko funfun náà. Ó gba ọwọ́ olú jẹ ohun igi. Robert Hartig kò ṣìnà pé olè wà nínú igbó. Ẹni tí ó mú ni kò tọ́.

Ẹ óò bi mí pé, àwọn igi tiwa ńkọ́? Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wú gbòǹgbò wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Òyìnbó ti rò pé irú olú yìí, èyí tó ń wé gbòǹgbò bí aṣọ, igi ilẹ̀ òtútù ni ó ni ín. Ní ọdún 1957, Peyronel àti Fassi rí i lára igi igbó ní ilẹ̀ Kóńgò. Ní ọdún 1968, J. F. Redhead tẹ ohun tí ó rí lára gbòǹgbò àwọn igi Nàìjíríà jáde. Púpọ̀ nínú àwọn igi náà kò ní irú èyí. Ṣùgbọ́n apá ní i. Ní ọdún 1989, Daniel Thoen àti Amadou Bâ tún fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni apá rí ní gúúsù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀mọ̀wé ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, André De Kesel, pẹ̀lú Codjia àti Yorou tí wọ́n jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2002 lórí àwọn olú tí a ń jẹ ní Bẹ̀nẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Nínú irú igbó tí apá àti bàbó wà, bíi ti Wari-Maro, olú oríṣiríṣi ni ó ń bá àwọn igi wọ̀nyí gbé.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ ni Berlin lọ fi awò wá. Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan sí i: kì í ṣe gbogbo olú abẹ́ apá ni ó ṣe é jẹ. Májèlé wà nínú wọn. Èyí tí ìyá yín kò bá mọ̀ lórúkọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Máńgòrò àti tíìkì ńkọ́? Wọ́n ní olú tiwọn náà, ṣùgbọ́n irú mìíràn ni. Ó ń wọ inú gbòǹgbò gan-an, kì í wé e lóde, kì í sì í so ohun tí a lè já lórí ilẹ̀. Irú èyí ló pọ̀ jù láyé. Nínú irú ọ̀gbìn 10, bí 7 ni ó ní i. Ìrókò ní i, ọ̀pẹ ní i, àgbàdo ní i, isu ní i. Ẹ̀gẹ́ nílò rẹ̀ gan-an, ìdí kan nìyẹn tí ó fi lè ta nínú ilẹ̀ tí ó ti gbó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tí kì í sábà bá olú da nǹkan pọ̀.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná. Ní ọdún 1997, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, Suzanne Simard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí igi kan ṣe nínú ewé rẹ̀ lè dé ara igi mìíràn nínú igbó, wọ́n sì ní òwú olú ni ọ̀nà tí ó gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé igi ń fi òwú olú bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé ìyá igi ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ní ọdún 2023, Justine Karst, Melanie Jones àti Jason Hoeksema yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò, wọ́n sì ní ẹ̀rí náà kò tó ohun tí a ń sọ. Melanie Jones yìí wà lára àwọn tó kọ ìwé ti ọdún 1997. Inú mi dùn sí obìnrin yẹn. Igi àti olú ń ṣe pàṣípààrọ̀, ìyẹn dájú. Èyí tó kù, a ṣì ń wò ó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Panama, wọ́n sì fi apá ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kó pákó rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè láìsí ìwé àṣẹ. Ó ní ohun tó fà á. Àwọn onípákó ń gé apá, àwọn darandaran ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Bí a bá gé apá tó kẹ́yìn ní ibì kan, ewé tó ń san ṣúgà ti lọ. Òwú olú tó wà nísàlẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bọ́ ọ mọ́, yóò kú. Bí a bá gbin tíìkì tàbí kajú sí ojú ibẹ̀, igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibòji wà, ṣùgbọ́n olú tí àwọn ìyá wa ń wá kò ní hù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbin apá padà lórí ilẹ̀ tí apá ti kúrò tipẹ́, kí ó bu ilẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ apá àgbà, kí ó dà á mọ́ ti inú àpò irúgbìn rẹ̀. Kò ní ná an ní fàráǹkà kan.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ wá apá àgbà kan. Ẹ má lo ọkọ́, ẹ fi ọwọ́ ká ewé jíjẹrà kúrò, kí ẹ rọra tú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí ẹ óò fi rí àwọn ẹ̀ka gbòǹgbò tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ fi omi ṣàn án ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ óò rí i pé orí wọn kò ṣẹ́ṣó. Ó wú díẹ̀, ó kúkúrú, nígbà mìíràn ó funfun, nígbà mìíràn ó pọ́n tàbí ó dúdú, bí ìka tí a wé ní aṣọ. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ dá ilẹ̀ padà bò ó.